Ọkọ́ Méjìlá Inú Páálí Kan

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe ọ̀rẹ́ mi Isidore fún yín, kí ẹ má baà sọ pé mo ń bà á lórúkọ jẹ́. Isidore kì í mutí. Kì í jalè. Kì í bá ìyàwó ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ kú àárọ̀". Ẹ̀dínwó ló ń ṣe é! Bí ó bá ti rí ibi tí wọ́n ti fa ìlà pupa lé iye owó kan lórí, tí wọ́n kọ iye tó kéré sábẹ́ rẹ̀, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Isidore kì í wà lọ́jà kí nǹkan pọ́ọ́kú kọjá lára rẹ̀.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀, ì bá sàn. Ó tún ń fọ́nnu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò ní Kútọnu lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ohun tí kò mọ̀ mọ́. Òjò rọ̀ ní Dásà ìlú wa, ó ní kì í ṣe òjò, ká lọ wo òjò ní Kútọnu. A gun òkè, ó ní òkè Kútọnu ga jù ú lọ. Kútọnu tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo!

Nígbà tí wọ́n wá ṣí ilé ìtajà ńlá kan sẹ́bàá ọ̀nà títì ní Dásà, tó jẹ́ pé ẹ̀dínwó ni gbogbo nǹkan inú rẹ̀, láti orí mílíìkì dé orí òòlù, ẹ ò ní béèrè ẹni tó kọ́kọ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ ì bá má kàn wá, àfi pé Isidore fẹ́ fẹ́ Lucienne, ọmọ Bàbá Éloi ní abúlé Gbaffo. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ní láti kó ọ̀rẹ́ sẹ́yìn lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Bàbá Éloi kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún ebè," ó ní. "Lọ́jọ́ Sátidé, kí oòrùn tó wọ̀. Bí ebè bá pé, a ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí kò bá pé, Sylvestre ará Tré náà ń wá kí mi láràárọ̀."

Sylvestre yìí kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọkọ́.

Àwa ọ̀rẹ́ mọ́kànlá gbà láti tẹ̀lé Isidore. A ti ń pọ́n ọkọ́ wa nígbà tó fò dìde.

"Ẹ fi ọkọ́ yín sílé! Ọkọ́ tí bàbá yín fi fẹ́ ìyá yín lẹ fẹ́ gbé wá síwájú àna mi? Ẹ ó dójú tì mí! Èmi ni n ó pèsè ọkọ́ fún gbogbo wa. Tuntun! Méjìlá! Ẹ sọ fún Ìyá Lucienne kó má gún iyán o. Oúnjẹ náà ń bọ̀."

"Méjìlá?" ni mo wí. "Isidore, Alájì Yẹ̀kínì tó ń ta ọkọ́ kì í dín owó."

"Ta ní ń sọ ti Yẹ̀kínì? Armel, ọbẹ̀ tó dùn, ẹ̀dínwó ló pa á!"

Èmi ni mo bá a lọ. Mo wọ ilé ìtajà náà, òtútù gbá mi lójú bí oṣù kìíní ní òwúrọ̀. Isidore gba kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó ń tì í bí ẹni ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ kan lára kẹ̀kẹ́ náà ń fà sósì, la bá yí ibi tí wọ́n to ọṣẹ sí ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"A ti kọjá níbí o," ni mo wí.

"Bí wọ́n ṣe ń nájà ní Kútọnu nìyẹn. Wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ ọṣẹ wò."

Bó ṣe rí i nìyẹn. Páálí kan báyìí, tí wọ́n fi ọ̀rá tó ń dán dì pinpin. Àwòrán ọkọ́ kún ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, nọ́ńbà méjìlá gàdàgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà pupa wà lórí iye owó. Iye tó kù lábẹ́ rẹ̀ kò tó owó ọkọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ Alájì Yẹ̀kínì.

Mo gbé e wò.

"Isidore, páálí yìí fúyẹ́. Kò ju páálí bàtà lọ. Báwo ni ọkọ́ méjìlá ṣe wọ ibẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ òrukàn.

"Armel, o ò gbé Kútọnu rí. Nǹkan òyìnbó, kíká ni wọ́n ń ká a. Agboòrùn ńkọ́? Ṣé bó ṣe wà nínú àpò ló ṣe ń wà lórí?"

Agboòrùn ti pa mí lẹ́nu mọ́.

Ó tún kó iyẹ̀fun iyán mẹ́rin, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Ìlà pupa ń bẹ lára wọn pẹ̀lú. La bá dé ọ̀dọ̀ Blandine, ọmọbìnrin tó ń gbowó.

"Mademoiselle, ẹ yọ díẹ̀ kúrò ńbẹ̀," ni Isidore wí.

"Wọ́n ti yọ ọ́, Músíọ̀. Ẹ ò rí ìlà pupa?"

"Ẹ yọ ọ́ lára èyí tó kù."

"Bí mo bá tún yọ ọ́ lára èyí tó kù, èmi ni n ó máa fún yín lówó!"

"Mo gbà."

Blandine pe ẹni tó kàn.

Bá a ṣe ń padà, Isidore rí i dájú pé a gba iwájú ìsọ̀ Alájì Yẹ̀kínì kọjá. Ó gbé páálí náà sókè bí àlùfáà tó gbé Ara Olúwa sókè.

"Alájì! Ẹ kú ìjókòó! Ọkọ́ méjìlá rèé o! Ẹ máa fi tiyín lé eṣinṣin!"

Alájì Yẹ̀kínì wo páálí. Ó wo Isidore. Ó tún wo páálí.

"Tú u ká rí i, ọmọ mi."

"Rárá o! Ojú àna ni n ó ti tú u."

"Ó dáa," ni Alájì wí. "Ọlọ́run á bo àṣírí."

Sátidé pé. Àwa géńdé méjìlá wọ Gbaffo, à ń ju apá fìrìfìrì, ọwọ́ wa mọ́ bíi ti tíṣà. Bàbá Éloi jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Lucienne wà ńbẹ̀, Lucienne wà ńbẹ̀, àti Rachelle àbúrò rẹ̀ tó ń lọ sí lísè, ilé ìwé girama.

"Ẹ káàbọ̀," ni bàbá wí. "Ọkọ́ yín dà?"

Isidore dọ̀bálẹ̀ gbalaja, páálí wà lábẹ́ àyà rẹ̀.

"Bàbá, ọkọ́ ń bẹ! Ẹ ní kí gbogbo ará ilé jáde!"

Wọ́n jáde. Isidore fi eyín ya ọ̀rá. Ó ṣí páálí. Ó dojú rẹ̀ dé.

Ṣẹnrẹn, ṣẹnrẹn, ṣẹnrẹn!

Ọkọ́ méjìlá ni lóòótọ́. Ìdìmú wọn pé, ẹnu wọn pé, wọ́n ń dán. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò tó ṣíbí tí a fi ń ro kọfí.

Àkùkọ kan wá, ó ṣá ọ̀kan jẹ, ó rí i pé kì í ṣe àgbàdo, ó bá tirẹ̀ lọ.

Isidore mú ọ̀kan nílẹ̀. Ó fà á. Ó lọ́ ọ. Ó mì ín. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ó kù díẹ̀ kó là," ó ní, òógùn ti bò ó. "Ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù, ojú ń tì í."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí tí mo fi la ẹnu: "Bóyá omi ló ń fẹ́, bíi gààrí."

Ẹ̀yin ará, Isidore bu omi! Ó ri gbogbo wọn sínú ọpọ́n, ó lóṣòó tì í, ó ń wò. Gbogbo wa náà lóṣòó, à ń wò. Ọkọ́ kò wú. Ìyá Lucienne ló kọ́kọ́ dìde, ó ní, "Jésù Màríà!"

Rachelle mú páálí, ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ní Faransé.

"Bàbá, wọ́n ní ọkọ́ fún ewéko inú yàrá ni."

"Inú kí ni?"

"Inú yàrá. Àwọn òyìnbó ń gbin nǹkan sínú ìkòkò, wọ́n ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Kí wọ́n lè jẹ ẹ́?"

"Rárá, Bàbá. Kí wọ́n lè máa wò ó."

"Kí wọ́n lè máa wò ó!" Bàbá Éloi yíjú sí aya rẹ̀. "Ìyá Lucienne, ó fẹ́ kí n gbé oko wọ yàrá kí n máa wò ó!"

Isidore sáré fa iyẹ̀fun iyán yọ, bóyá ikùn á bá a bẹ̀bẹ̀. "Bàbá, oúnjẹ! Oúnjẹ rèé!"

Ìyá Lucienne rò ó sínú omi gbígbóná. Ó rò ó títí. Nígbà tó gbé omorogùn sókè, ìkòkò tẹ̀ lé e. Bàbá Éloi tẹ ìka bọ̀ ọ́, ìka kò fẹ́ jáde mọ́.

"Kí lẹ pe èyí?"

"Iyán ni, Bàbá," ni Isidore wí.

"Iṣu ibo?"

Rachelle yẹ ara ọ̀rá wò. "Wọ́n ní òkè òkun ni wọ́n ti dì í."

"Wọ́n ń gbin iṣu níbẹ̀?"

"Bóyá inú yàrá náà ni," ni Rachelle wí.

Bàbá Éloi dìde. Ó na ìka tó lẹ̀ náà sí àká rẹ̀, tí iṣu kún débi pé ilẹ̀kùn kò ṣeé tì. "Èmi Éloi! Ní Gbaffo! Ọkùnrin gbé iṣu wá bá mi láti òkè òkun, ó sì ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ mi! Ẹ lọ pe Sylvestre wá!"

Ibi tí ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa nìyẹn. Isidore wólẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò rí nǹkan kan sọ nípa Kútọnu.

Lucienne dìde. Ó wọ ilé ìdáná, a gbọ́ gbọ̀ọ̀, ó jáde pẹ̀lú ọkọ́ mẹ́ta ní èjìká. Ó padà wọlé, ó tún kó mẹ́ta. Ọkọ́ gidi! Ó ń kó wọn títí wọ́n fi pé méjìlá.

"Alájì Yẹ̀kínì ló yá mi," ó ní. "Ó ránṣẹ́ sí mi lánàá pé òun rí páálí ọkọ mi. Ó ní páálí tó wọ abẹ́ apá kò lè gba ọkọ́ kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ méjìlá." Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ní ẹgbẹ̀rún ebè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́."

Bàbá Éloi ronú. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọpọ́n.

"Ó dáa. Kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ọkọ́ Alájì. Ṣùgbọ́n ìwọ Isidore, ọkọ́ tó o rà ni wàá lò. Ebè kan ni tìrẹ. Ẹyọ kan! N ó gbin iṣu sí i. Lọ́jọ́ tá a bá wà á, bó bá jẹ́ iṣu, a ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí kò bá sí nǹkan ńbẹ̀, kí Sylvestre máa bọ̀."

Àwa mọ́kànlá bẹ́ sóko. Lucienne mú ọkọ́ kejìlá, kò sì sí nínú wa tó lé e bá. Isidore dojú bolẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń họ ilẹ̀ bí adìẹ. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ẹgbẹ̀rún ebè pé. Ọkọ́ mọ́kànlá ti wọ́ bí ìwọ̀ ẹja lọ́wọ́ Isidore, ebè kan sì dúró níwájú rẹ̀. Ó nà dìde, ẹrẹ̀ bò ó dé etí.

"Ẹ wò bó ṣe jọ̀lọ̀ tó," ó ní. "Tiyín rí págunpàgun."

Láti ọjọ́ náà, Isidore di ọkọ ebè. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bá a bá ti jáde ní Mísà, Gbaffo ló ń lọ. Ó ń bomi rin ín. Ó fi ọ̀pá yí i ká. Ewúrẹ́ kan kàn wo ebè náà lójú lásán, Isidore lé e dé abúlé Soclogbo!

Oṣù kẹjọ dé. Nígbà tí àwọn èrò àjọ̀dún Màríà ti túká ní Dásà, Bàbá Éloi pe gbogbo wa sóko. Alájì Yẹ̀kínì wá. Sylvestre náà wá láti Tré, ó wọ aṣọ funfun, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Kò sọ̀rọ̀.

Bàbá Éloi bẹ̀rẹ̀ sí í wa ebè. Ó wà á títí, kò rí nǹkan. Ó wà á dé ìdí, kò rí nǹkan. Isidore di èjìká mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Sylvestre sún ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Ẹ dúró!" ni bàbá wí.

Ó fi ìka méjì yọ nǹkan kékeré kan. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ́ kékeré kan tó ṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Lucienne kúnlẹ̀. "Bàbá, iṣu ni, àbí kì í ṣe iṣu?"

Bàbá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Iṣu ni."

"Ẹ ní bó bá jẹ́ iṣu. Ẹ ò sọ bó ṣe máa tóbi tó."

Bàbá Éloi wo ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín bú jáde, ó rín títí ó fi ní láti di ọkọ́ Sylvestre mú kó má baà ṣubú. "Oṣù kọkànlá ni ìgbéyàwó!" ó ní. "Kí Àdífẹ́ǹtì tó wọlé!"

"Ó dáa," ni Sylvestre wí, ó sì lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tá a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn.

Ṣé ẹ rò pé Isidore á kúnlẹ̀ dúpẹ́? Ó ta àyà!

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin ni ò mọ̀. Bí iṣu ṣe ń mọ lókè òkun nìyẹn; ti Dásà ló sanra jù! Mo sì ti rí bàtà ìgbéyàwó kan ní ilé ìtajà yẹn o, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa ìlà pupa sí i. Páálí rẹ̀ kò ju—"

Lucienne gba iṣu náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tì í bọ Isidore lẹ́nu, tútù, tèèpo-tèèpo.

Ẹ̀yin náà mọ bí iṣu tútù ṣe ń yún ni lẹ́nu. Isidore ń họ ètè, ó ń họ ahọ́n, omijé ń dà lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò lè jáde. Ìyá Lucienne dìde nílẹ̀, ó fẹ́ sáré lọ gbé epo wá fún un.

"Ẹ rọra máa bọ̀, Màmá," ni mo wí. "Láti ìgbà tó ti ti Kútọnu dé la ti ń retí ìsinmi yìí."

Màmá jókòó padà.