Ìkéde Nípa Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú Inú Kọ̀ǹpútà Baálẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Òkè-Ọsàn, ẹ gbọ́! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè dúró. Ẹni tó ń jà, kó sinmi díẹ̀. Ìjà ò ní tutù. Baálẹ̀ Oyèkànmí ní kí á sọ fún yín pé Táyé kú!

Ẹ má bú sẹ́kún. Kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan. Táyé àti Kẹ́hìndé ni Baálẹ̀ sọ díìsìkì méjì inú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan bá gbà, èkejì náà á gbà á, kí ọ̀kan lè di ilé mú bí èkejì bá kú. Inú wọn ni ohùn Àwẹ̀ró wà, ìyàwó Baálẹ̀ tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá. Kò sí níbòmíràn. Àràárọ̀ ni Baálẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ kó tó mu ẹ̀kọ, kí ìyàwó rẹ̀ lè fi oríkì rẹ̀ kì í.

Láàárọ̀ àná, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú pé díìsìkì kìíní ti kú, kí wọ́n yọ ọ́. Oríkì ṣì ń lọ geere. Baálẹ̀ wa kì í fi àṣà ṣeré. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, tó rán Táyé wá tọ́ ayé wò? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ó fa Kẹ́hìndé tó ṣì yè yọ.

Àwẹ̀ró dákẹ́ láàárín oríkì. Baálẹ̀ káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dùn ún gan-an. Akéde rí i, kò sì rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ìta.

Ṣámúsì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti dá Kẹ́hìndé padà. Ó ti ki díìsìkì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Kẹ́hìndé sì ń kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Bí iná bá lọ kí wọ́n tó ṣe tán, Ṣámúsì ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Nítorí náà, Baálẹ̀ pàṣẹ!

Èkíní: Ìdòwú ni díìsìkì tuntun ń jẹ́. Ẹni tó bá pè é ní Táyé yóò gbálẹ̀ ọjà.

Èkejì: títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò gbọdọ̀ sí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ, kò gbọdọ̀ sí wẹ́dà tó ń jó irin. Wẹ́dà, a tún un sọ! Ẹni tó bá já iná yóò jókòó ti Baálẹ̀, yóò gbọ́ bó ṣe fẹ́ Àwẹ̀ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìmu omi.

Ẹ̀kẹta: Ìdòwú, Èṣù lẹ́yìn ìbejì, ẹ má dá a lágara. Ewúrẹ́ tó bá ké nítòsí, ẹni tó ni ín ni yóò máa ké dípò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: nílé àti lóko, Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni Táyé ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Inú àwọn àgbà ò dùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Ẹ̀karùn-ún: Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́. Òun ló ní kí á kéde rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: lọ́la, kí gbogbo ẹni tó ní fóònù wá gba ohùn Àwẹ̀ró sí i, kó má baà kú lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá sì gbọ́ ọ láàárọ̀, ẹ má sá. Ẹ dá a lóhùn. Láti ọdún tó kọjá, Baálẹ̀ nìkan ló ń dáhùn.

Ẹnu akéde kọ́, ẹnu Baálẹ̀ ni. Agogo ti dákẹ́. Ẹ pa áyọ́ọ̀nù!