Bí Mojírádé Àríkẹ́ Ṣe Lé Ẹ̀rọ Ìsáré Kúrò Nínú Yàrá Àlejò

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun, ẹ fọwọ́ dúró ná; ẹ̀yin tí ẹ ń sùn, ẹ ta kìjí; ẹ̀yin tí ẹ sì ń ná ọjà lọ́wọ́, ẹ má tíì sanwó, nítorí ọgbọ́n ń bọ̀ lọ́nà. Ìtàn akọni obìnrin ni mo fẹ́ sọ, Mojírádé Àríkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ọmọ òkè Èbèdì tí òjò ń rọ̀ lé lórí tí kò wá ibi sá sí. Ọmọ ilé Anájà-má-dínwó ni, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní iye owó kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó ta ìyarun fún apárí, tí apárí dúpẹ́, tí ó tún mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó jókòó sí ìsọ̀ alábẹ́rẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ nítorí ẹ̀dínwó kọ́bọ̀ kan. Nígbà tí ó sú alábẹ́rẹ́, tí ó ní kí bàbá máa mú abẹ́rẹ́ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kì í ṣe alágbe, ẹ̀dínwó ni òun wá gbà. Ọmọ tí a bá bí nílé ẹkùn, ẹkùn ni yóò jọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn jagunjagun yìí ni ó ń sàn nínú iṣan Àríkẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, tí àwọn dókítà sì ti ń kìlọ̀ fún un.

Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí gan-an ni ó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Adékúnmi, tí ń gbé ní Kánádà, gbọ́ pé ó yẹ kí ìyá òun máa ṣe eré ìdárayá. Dípò kí ó ní kí ìyá máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ẹ̀rọ ìsáré ni ó fi ránṣẹ́. Háà! Ẹ̀rọ náà! Asáré-má-kúrò-lójú-kan! Arọ tí ń kọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní eré! Abara-wúwo bí ọkọ̀ ojú irin, ajẹ-iná bí ẹni pé ọmọ ọba iná ni! Àwọn géńdé tó gbé e wọlé, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń di ẹ̀yìn mú títí dòní. Yàrá àlejò ni wọ́n gbé e sí, ó sì gba yàrá náà bí ọba ṣe ń gba ààfin. Àríkẹ́ gùn ún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó tún gùn ún lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ pè é lórí fídíò. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ń sá lórí rẹ̀ mọ́, àfi aṣọ tútù tí wọ́n ń sá lé e. Iṣu sì ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà.

Báyìí ni nǹkan rí títí Ìbídùn fi pè láti Ìbàdàn. Ìbídùn ni àbúrò Àríkẹ́, aránṣọ ni, opó sì ni. Onílé rẹ̀ ti ta ilé mọ́ ọn lórí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ di ẹrù sí yín lọ́rùn o. Bó jẹ́ igun kan ni mo bá rí, ó tó mi.”

“Igun kẹ̀? Yàrá ni wàá gbé. Ọjọ́ Sátidé ni kóo máa bọ̀.”

Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó rántí ẹni tí ń gbé inú yàrá náà. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà wò ó. Ó fi èjìká tì í, kò mì. Ibi tí ó ti ń mí gúlegúle ni Àlájì Mùdáṣírù, aládùúgbò rẹ̀, sójà tó ti fẹ̀yìntì, bá a.

“Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ pe àwọn onírin àlòkù kí wọ́n wá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ta ni yóò fowó ra ohun tí yóò máa sáré lójú kan ní Ìṣẹ́yìn níbí? Ẹni bá fẹ́ sáré, ọ̀nà oko ń bẹ, ejò tí yóò lé e sì ń bẹ níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àríkẹ́ lára bí abẹ́rẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gún ọmọ aráyé ní ìdí fún ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé orí sókè bí abo kìnnìún.

“Àlájì, kí ó tó di Sátidé, ẹni tí yóò rà á yóò wá gbé e, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Bí ó ṣe kéde ogun nìyẹn. Kò wọ ẹ̀wù irin, awò ojú ni ó wọ̀. Kò fa idà yọ, fóònù ni ó fà yọ láti inú kọ́mú, ó sì dojú kọ ọjà orí ayélujára, pápá ogun tí kò ní ìloro, ọjà tí ẹnikẹ́ni kì í pa àtíbàbà sí, níbi tí ẹni tó wà ní Sókótó ti lè bú ẹni tó wà ní Ìṣẹ́yìn láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọṣẹ wẹ ẹ̀rọ náà bí ẹni wẹ ìyàwó, ó fi òróró pa á lára, ó tẹ́ aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ya fọ́tò. Òbúkọ rẹ̀ pupa, tó ń wá èèpo iṣu kiri, ti wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ bí olóyè. Àríkẹ́ kò rí i.

Ó wá ku iye tí yóò pè é, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ akọni ti yọ̀. Ó yẹ ọjà àwọn ẹlòmíràn wò: èyí tó ti kán lápá ń béèrè owó ilẹ̀, èyí tó dà bíi tuntun ń béèrè owó adìẹ. Ó ronú. Bí ó bá pọ̀ jù, wọn yóò gbójú kúrò; bí ó bá kéré jù, wọn yóò ní ó jí i ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ni ó kọ, ó fi èyí tó lé ṣe odi ìlú, kí àwọn ọ̀tá lè rí nǹkan wó. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Àlòkù tó mọ́. Nọ́ọ̀sì ni ó ni ín. Kò fi bẹ́ẹ̀ sáré.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. “Èló ni jálẹ̀?” Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú ilé. “Jálẹ̀ ń kọ́?” “Mọ́mì, ẹ sọ jálẹ̀.” Ọ̀kan fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n tí ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní àwòrán ṣe pàṣípààrọ̀. Òmíràn béèrè bóyá ẹ̀rọ náà lè gbé òun dé oko. Lẹ́yìn náà ni èyí tó burú jù dé: “Èló ni òbúkọ yẹn?” Àríkẹ́ sún fọ́tò mọ́jú, ó rí òbúkọ, ó mí kanlẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń béèrè òbúkọ ọ̀hún. Ọdún Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, owó tí wọ́n ń pè sì ń gbóná. Ìdánwò ńlá ni. Ṣùgbọ́n akọni kì í fi ọ̀tá sílẹ̀ kó wá máa pa ẹran ilé ara rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé: “Òbúkọ kọ́ ni ó gba yàrá mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́.” Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé.

Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan dé tí ó ní ọ̀gá sójà ni òun. Kò ná ọjà rárá. Ó ní iye tí ìyá pè gan-an ni òun yóò san, dírẹ́bà òun ti ń bọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ara ọmọ Anájà-má-dínwó bù máṣọ, nítorí ẹni tó bá ra àlòkù láìná an, ó ní ohun tó fẹ́ mú lọ. Láìpẹ́, alẹ́ẹ̀tì wọlé lórí fóònù: owó ti dé! Àríkẹ́ kò jó. Ó yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò ní báǹkì, ó bá a bó ṣe wà. Ó wá kọ̀wé padà: “Ọ̀gá mi, alẹ́ẹ̀tì yín ti dé, owó ni ó kù tí kò tíì dé. Ìgbà tó bá dé, ẹ̀rọ náà yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré wá bá yín.” Ọ̀gá sójà sá wọ inú afẹ́fẹ́ tó ti jáde wá.

Ọ̀sán Fráídè pọ́n, ẹ̀rọ kò ṣí kúrò. Ìbídùn pè, ó ní òun ti di ẹrù òun tán. Àríkẹ́ ní, “Ó dáa, máa bọ̀,” ó sì jókòó sórí ẹ̀rọ náà, ó ń ro bí yóò ṣe sọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó pé orí àga pálọ̀ ni yóò sùn. Fóònù dún.

“Ẹ káàsán mà. Ọláníhún ni orúkọ mi. Ṣé ẹ̀rọ ìsáré yẹn ṣì wà? Ọ̀yọ́ ni mo wà, mo lè wá wò ó nísinsìnyí.”

Ó kí i! Ẹ̀rọ ni ó sì béèrè! Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú akọni wa.

Ọláníhún dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Ó yẹ abẹ́ ẹ̀rọ wò, ó fi ìka kàn án.

“Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kí n rí i, mà.”

Iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tó wà nítòsí, ti Àlájì Mùdáṣírù ni. Nígbà tí ogun bá le, akọni a máa yá ọfà lọ́wọ́ ẹni tí ń fi í rẹ́rìn-ín. Àríkẹ́ gbé ojú wálẹ̀, ó lọ bẹ̀ ẹ́. Àlájì fúnra rẹ̀ ni ó wọ́ jẹnẹrétọ̀ wá, kò fẹ́ kí ìtìjú Àríkẹ́ tí ó ń retí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Wọ́n fa okùn, iná dé. Àríkẹ́ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó dákẹ́ bí òkú.

“Mo ti wí!” Àlájì gun orí ẹ̀rọ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ lù ú. “Òkú irin ni! Ẹ wò ó, ṣé ó gbọ́?”

Ní ìṣẹ́jú yẹn ni Àríkẹ́ rí i pé kọ́kọ́rọ́ pupa kékeré tí ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ láìsí i kò wọlé dáadáa. Ó tì í wọlé. Ó tẹ bọ́tìnnì, awò kò sí lójú rẹ̀, bọ́tìnnì eré ni ó sì ń tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀. Ẹ̀rọ jí. Ẹ wá wo Àlájì! Agbádá rẹ̀ fẹ́ bí àsíá, fìlà rẹ̀ fò lọ bá iṣu, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tíì sáré láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ń lu bẹ́líìtì pàkàpàkà bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù.

“Ẹ pa á! Súbúhánà! Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi pa á!”

Àríkẹ́ kò kánjú. Ó kọ́kọ́ yíjú sí oníbàárà rẹ̀.

“Ṣé ẹ gbọ́ pé kì í pariwo?”

Nígbà náà ni ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Àlájì di irin mú, ó ń mí bí ẹwìrì.

“Ó... ó ń ṣiṣẹ́,” ni ó wí.

Ọláníhún rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí iṣu. Ṣùgbọ́n ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Àríkẹ́ ní kí ó wí mìíràn. Ó gòkè díẹ̀, ó dúró. Àríkẹ́ sọ̀kalẹ̀ dé àádọ́talénígba, ó dúró bí Èbèdì.

“Ta ni ó fẹ́ lò ó gan-an?” Àríkẹ́ béèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wolẹ̀. “Bàbá mi ni. Rọpárọsẹ̀ ni ó kọlù wọ́n. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ jáde. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí àwọn ọmọ tí àwọn kọ́ máa wo ẹsẹ̀ àwọn.”

Akọni kú, nọ́ọ̀sì dìde. “Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà wọn o. Wọn ò gbọdọ̀ dá gùn ún láé. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n, kí wọ́n di irin mú, kí ẹ̀rọ sì máa yí pẹ̀lẹ́ bí ìgbín. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

“San igba.”

Ọláníhún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúpẹ́, ó rò pé àánú nìkan ni ó mú ẹ̀dínwó wá. Àánú ni, òótọ́ ni. Iye tí ìyá fẹ́ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni. Ẹni tó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, a kò tíì bí i nílé Anájà-má-dínwó. Nígbà tí báǹkì ti jẹ́wọ́ pé owó dé lóòótọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde, Àlájì Mùdáṣírù sì wà lára àwọn tó gbé e.

Ní Sátidé, Ìbídùn dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti àpò méjì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti gbá, tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò lè wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo rẹ̀ ni tèmi?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Nítorí náà, kí ọba gbọ́, kí ìjòyè gbọ́, kí àwọn tí ń béèrè jálẹ̀ láìkí ènìyàn gbọ́ pẹ̀lú: a ti gba yàrá àlejò Mojírádé Àríkẹ́ padà lọ́wọ́ ọ̀tá! A ti lé asáré-má-kúrò-lójú-kan lọ sí ìgbèkùn ní Ọ̀yọ́, níbi tí yóò ti máa sin tíṣà àgbà kan ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo ní àdúgbò náà lọ́sàn-án òní, kí jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, kí ewúrẹ́ gbé ẹnu rẹ̀ pa mọ́. Ìbídùn ti wọlé, ó ti bọ́ bàtà, ó ti sùn.