Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ Tí Gbogbo Wọn Jẹ́ Ọ̀gá

Bí ẹ bá ń wá agbéraga ní Ifangni, ẹ má rìn jìnnà. Séraphin ni, Sẹkirétẹ̀ Jẹnẹráàlì Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ Àgbáyé. Àgbáyé ni, nítorí Fadel, ọ̀kan nínú wọn, ń gbé ní Ìdíròkó, lódì kejì bódà.

Àjànàkú Orí Àga! Ọkọ Òǹtẹ̀! Ẹni tó ń so táì lọ wẹ̀ lódò! Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní àga kò nílò ọkọ́. Séraphin ló ní àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀.

Sadatou, àgbẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́, mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́ bẹ́ǹṣì kan. Ìjẹta ló wa ẹ̀gẹ́ agbọ̀n mẹ́jọ. Ọwọ́ ló fi ń rin ín, ìka rẹ̀ ti bó. Bí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ kò bá dé lónìí, ẹ̀gẹ́ á jẹrà.

Ẹ̀rọ dé. Madamu Raïssa, òṣìṣẹ́ àjọ kan tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, ló kó o wá láti Kútọnu, ó fẹ́ fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Séraphin kò wo ẹ̀rọ. Ìwé ló ṣí, ó ń ka ìtàn ẹgbẹ́.

"Ọdún kìíní, sẹkirétẹ̀ kan péré, èmi. Ọdún kejì, iṣẹ́ pọ̀, a dá bíró sílẹ̀. Ọdún kẹta, bíró bí ìgbìmọ̀ mẹ́ta tí à ń pè ní kọmisíọ̀n. Ọdún kẹrin, a dá kọmisíọ̀n tí yóò máa ṣọ́ àwọn kọmisíọ̀n."

"Ta ló ń ṣọ́ ìyẹn?" Raïssa bi í.

"Ìpàdé ṣì ń lọ lórí ẹ̀."

"Ọdún wo lẹ wá rin ẹ̀gẹ́?"

Séraphin ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Ó wà nínú ètò ọdún tó ń bọ̀."

"Dakọ́ọ̀, ó dáa. Àgbẹ̀ la mú ẹ̀rọ yìí wá fún. Ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá, ẹ bọ́ síbí."

Yàtọ̀ sí Séraphin, ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlélógún ló wà níkàlẹ̀. Ogún jẹ́ direktẹ̀, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀ka. Oyè ni Séraphin fi ra ìbò wọn. Sadatou nìkan ló jáde.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ̀yin ò joyè?" Raïssa bi í.

"Oko ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n pín in."

Moubarak, Direktẹ̀ Àga Títò, bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀. "Ẹ gba oyè yín, Mòsíọ̀ Séraphin. Oko ń pè mí."

Fadel, Direktẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, tẹ̀ lé e. "Èmi náà. Ilẹ̀ òkèèrè tí mò ń darí, ilé mi ni."

Kò pẹ́, ogún káàdì ti kún apá Séraphin, ogún èèyàn ti tò sẹ́yìn Sadatou. Séraphin wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rọra ń sún mọ́ wọn.

"Àgbẹ̀ lèmi náà o."

"Oko yín dà?" Raïssa bi í.

Ó nàka sápá Tchaada. "Lọ́hùn-ún yẹn."

Ọyakẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, kò lè mú un mọ́ra láàárín àwọn òǹwòran. "Tchaada kẹ̀? Ọ̀nà Daagbé loko mi wà. Ọdún mẹ́wàá ni ọkọ mi, Bàbá Gracia, ti ń jẹ gààrí ibẹ̀, wọn ò mọ̀nà ibẹ̀."

Ẹ̀rín gba gbogbo ojúde. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ̀gẹ́ Sadatou ń ṣàn funfun. Sadatou na ọ̀bẹ sí Séraphin.

"Ẹ gbà, Mòsíọ̀. Agbọ̀n méjì ló kù tí a ò tíì bẹ."

Séraphin nawọ́ gbà á. Ojú ọ̀bẹ ló dì mú.