Ọba Ẹ̀dọ̀fóró Dópẹ̀mú

Ẹ bá mi kí Dókítà Johnson! Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn o, wọn kì í gba ìkíni òòró. Ọba Ẹ̀dọ̀fóró! Kábíyèsí Èémí! Alágbo-tí-í-lé-ikọ́-fée-wọ̀gbẹ́!

Ẹ dìde, ó tó. Kò sẹ́ni tó fi Johnson joyè kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dópẹ̀mú, kí wọ́n sì ya ẹ̀dọ̀fóró méjì sí i. Ẹni tó yà á kò rí ẹ̀dọ̀fóró rí, ló bá ya ohun tó jọ ìbẹ́pẹ méjì. Johnson ní ó rẹwà.

Nígbà tí ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá, Johnson náà sáré lọ dá agbádá. Ó wá wọ kóòtù funfun ti dókítà lé e lórí. Tó bá ń bọ̀ lókèèrè, ẹ ó rò pé àga ìyẹ̀wù tí wọ́n da aṣọ bò ló ń rìn.

Àgbo ikọ́ fée ló ń tà, àìsàn tí í dí èèyàn láyà, tí èémí á máa dún fíìn-fíìn bíi fèrè. Pẹ̀lú èéfín tí àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ń tú sára wa, ṣé oníbàárà á wọ́n ọn ni?

Èèwọ̀ àgbo náà ló wá le. Johnson ní àgbo òun kì í bá oògùn òyìnbó gbélé. Kí ẹ tó mu ún, ẹ ó ju inhélà yín, ìgò kékeré tí ọsibítù ní kí ẹ máa fín sẹ́nu, sínú ìkòkò dúdú rẹ̀. Á bá yín lọ sin àìsàn náà síbi tójú kan ò gbọdọ̀ rí.

Ohun tó ń kó Láídé aránṣọ láyà sókè nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Olúwabùsáyọ̀, ikọ́ fée ń bá a fà á láti kékeré. Inhélà yẹn ló gbà á sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ Láídé. Ta ni kò ní í rẹ̀, tọ́mọ bá ń wá èémí kiri bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù?

Johnson gbọ́n féè. Ọjọ́ ìmọ́tótó ló yàn láti wá sílé wọn, Sátidé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde sí títì kí aago mẹ́wàá tó lù. Ta ló fẹ́ sá fún un? Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti gbé ìkòkò àti kẹ́ẹ̀gì àgbo kalẹ̀ láàárín ọgbà, gbogbo ayálégbé sì dúró tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀.

"Ẹ wò mí dáadáa," Johnson ní. "Nínú ìran tèmi, a kì í wúkọ́. Bàbá mi pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọn ò sín rí!"

"Ẹ̀n-ẹ́n? Wọn ò tiẹ̀ sín?" Ìyá Ọdúnayọ̀, àgbà ilé náà, ló béèrè láti ẹnu ọ̀nà wọn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n ríṣẹ́ ṣe."

"Ẹ máa ṣe é lọ, dókítà. L'Ékìtì, orógbó àti oyin nìyá mi fi ń tọ́jú ikọ́ wa. Ṣùgbọ́n n ò rántí pé orógbó bá ọsibítù jà rí."

Ẹ̀rín sọ. Johnson yíjú kíá. "Ìyá Bùsáyọ̀, ṣé ẹ fẹ́ kọ́mọ yìí gbádùn àbí ẹ ò fẹ́? Ẹ ju inhélà yẹn síbí!"

"Tó bá wá mú un lóru ńkọ́?"

"Kò ní mú un mọ́. Èémí rẹ̀ ti di tèmi. Ẹ jù ú, mo ní!"

Láídé na inhélà sórí ìkòkò.

Àfi bí Nùréènì, ará ẹ̀yìnkùlé, ṣe ṣáná sí pàǹtí tó gbá jọ, táyà ògbólógbòó wà nínú ẹ̀. Èéfín dúdú bo ọgbà. Láídé fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ti Bùsáyọ̀ wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tó fi máa yíjú padà, fèrè ti ń dún. Fíìn. Fíìn. Àyà Ọba Ẹ̀dọ̀fóró ni!

Johnson ki ọwọ́ bọ abẹ́ agbádá, ó yọ inhélà kan, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu. Ó ti tán. Ó yọ òmíràn. Òfìfo.

"Yéè!" Stella, ará yàrá ọwọ́ òsì, figbe ta. "Tèmi nìyẹn! Mo fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí i! Ẹ ò ní ẹ ti sin ín?"

Johnson ò ráyè ìyẹn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Láídé, ojú rẹ̀ yọ síta. "Ìyá Bùsáyọ̀... ẹ jọ̀ọ́... ẹ má jù ú o!"

Láídé bá a fín in sẹ́nu. Àánú ṣe é, kí ni ì bá tún ṣe? Ẹ wo bí Johnson ṣe mí síta kó tó gbà á, tó wá di èémí mú, bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

"Bàbá yín tí kò sín," Ìyá Ọdúnayọ̀ ní, "ṣé wọn ò kú lọ́mọ jòjòló ṣá?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Bí ẹsẹ̀ Johnson ṣe ranlẹ̀ báyìí, ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó ká agbádá sókè, ó já bọ́ sí títì. Ó gbàgbé pé aago mẹ́wàá ò tíì lù. Wolé-wolé tó ń ṣọ́ títì gbá a mú lọ́rùn aṣọ.

"Dókítà ni mí!" Johnson na kóòtù rẹ̀ hàn wọ́n. "Òfin ò mú dókítà!"

"Dókítà ọsibítù wo?"

Ọsibítù! Ẹni tí àgbo rẹ̀ kì í bá oògùn òyìnbó gbélé bá nawọ́ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Láídé yọjú ní géètì, inhélà ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ digbí.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe dókítà o," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ rọra máa fà á, ẹ jọ̀ọ́. Aláìsàn ni."