Ìyá Onígbálẹ̀ Fọ Ẹnu Iyùn

Yàrá tí àwọn èèyàn ti ń dúró de dókítà eyín nìyí, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àga. Omi iyọ̀ kún inú rẹ̀, iyùn sì tò sísàlẹ̀ bí ọgbà òdòdó, ṣùgbọ́n ẹja kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Ẹlẹ́ja, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú àpótí náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ìyá Onígbálẹ̀ ló pàdé, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́.

ẸLẸ́JA: Yéè! Màmá, àwọn ẹja mi dà?

ÌYÁ: Ẹ káàárọ̀ là ń kọ́kọ́ sọ nílé tiwa.

ẸLẸ́JA: Ẹ káàárọ̀, mà. Àwọn ẹja mi dà?

ÌYÁ: Wọ́n wà nínú korobá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bu omi wọn sí i, mo sì gbé ẹ̀rọ tó ń ta ìfóòfó yẹn tì wọ́n. Èmi ni mo lé wọn jáde. Wọn ò níwà! Ojú mi kòrókòró ni ọ̀kan ṣe yàgbẹ́ lé òkúta yẹn lórí, tó tún yíjú padà wá ń wò mí.

ẸLẸ́JA: Òkúta kọ́, mà. Iyùn ni.

ÌYÁ: Iyùn témi mọ̀, ọrùn ló ń gbé. Kì í gbé abẹ́ ìdí ẹja.

ẸLẸ́JA: Ohun abẹ̀mí ni! Ó lẹ́nu, ó ń jẹun!

ÌYÁ: Mo mọ̀ pé ó lẹ́nu. Kí lo rò pé mo ṣe fọ̀ ọ́? *(Ó na búrọ́ọ̀ṣì sókè.)* Tuntun ni o, mi ò sì fi ọṣẹ sí i. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín la wà. Ohun tó bá lẹ́nu níbí, ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́.

*(Ẹlẹ́ja kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì. Gbogbo iyùn ti ká sínú.)*

ẸLẸ́JA: Mo gbé! Aago mẹ́wàá ni dókítà ń bọ̀ wá wo àpótí yìí. Ó ní òun ò mọ ohun tí mò ń ṣe níbí. Tóun ò bá tún rí i lónìí, kí n ká àwọ̀n mi nílẹ̀ kí n máa lọ.

ÌYÁ: Ó mà ṣe o. Èmi sì ti bá ẹ dín iṣẹ́ kù. Gbogbo ìgbẹ́ yẹn...

ẸLẸ́JA: Ìgbẹ́ yẹn loúnjẹ!

*(Ìyá rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì jìnnà sí ara rẹ̀.)*

ÌYÁ: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?

ẸLẸ́JA: Mo kà á fúnra mi! Ẹ gbọ́, mà, ó dùn jọjọ! Nǹkan tíntìntín kan ń gbé nínú ara iyùn, bí ewéko. Ìtọ̀ ẹja, ìgbẹ́ ẹja, ajílẹ̀ ni fún un. Á fi ìmọ́lẹ̀ iná orí àpótí yìí se oúnjẹ, á sì bù fún iyùn.

ÌYÁ: Kí ni iyùn wá ń ṣe fún ẹja?

ẸLẸ́JA: Ilé ló fún un! Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń sá sí. Ẹja pupa rúsúrúsú yẹn ń bá a jẹ koríko omi tó fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

ÌYÁ: Ẹni tó ń yàgbẹ́ síni lára ló tún ń báni roko?

ẸLẸ́JA: Bẹ́ẹ̀ ni!

ÌYÁ: Ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan lọkọ tèmi mọ̀.

*(Ẹlẹ́ja gbé korobá dé, ó sì fi àwọ̀n dá àwọn ẹja padà. Fìrí, wọ́n kó sáàárín iyùn. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ gíláàsì. Nígbà tó pẹ́, iyùn kan yọ ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan síta.)*

ÌYÁ: Ó ń juwọ́!

ẸLẸ́JA: Ẹ ò rí i? Ẹja ń bọ́ iyùn, iyùn ń pa ẹja mọ́. Wọn ò nílò ẹnì kankan mọ́ láyé yìí!

*(Ó gbọ́ ohun tó sọ. Àwọ̀n já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàtà dókítà ti ń dún lórí àtẹ̀gùn.)*

ẸLẸ́JA: Màmá... kí ni mò ń ṣe níbí gan-an?

ÌYÁ: Mú àwọ̀n ẹ nílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Sọ fún un pé ọwọ́ mi lo ti gbà wọ́n sílẹ̀. Tó bá ní irọ́ ni, màá tún fọ iyùn yẹn lójú ẹ̀.