Àkàngbé Wá Àlè Ìyàwó Rẹ̀ Dé Sókótó

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà? Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná. Ọ̀rọ̀ owú ni, owú ọkùnrin sì burú ju tobìnrin lọ. Tobìnrin a máa pariwo. Tọkùnrin a máa wọkọ̀.

Káfíńtà kan wà ní Ìkirè tó ń jẹ́ Àkàngbé. Bí ọkùnrin kan bá kí Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ pé "ẹ káàárọ̀," Àkàngbé á béèrè pé irú àárọ̀ wo nìyẹn. Ọmọ Ìbàdàn ni Sẹ̀gilọlá. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n: bí wọ́n bá fẹ́ pe ṣòkòtò, "sòkòtò" ni wọ́n ń pè é.

Àkàngbé ń kan àga lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ló bá gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ àti Rábíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá.

"Ọ̀rẹ́ mi, sòkòtò yìí ti gbà mí lọ́kàn! Ó gùn, ó dúdú, ó ń dán. Àpò rẹ̀ sì jìn!"

"Ọkọ rẹ ò tíì mọ̀?" ni Rábíátù bi í.

"Háà! Kò gbọdọ̀ tíì gbọ́."

Ọ̀rọ̀ aṣọ lásán ni o. Ṣùgbọ́n etí òjòwú kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Sókótó ni Àkàngbé gbọ́. Ọkùnrin ará Sókótó! Gíga, dúdú, olówó! Ó ju òòlù sílẹ̀, ó ní òun ń lọ ra pákó, ó sì bá ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sókè Ọya lọ. Kí wọ́n tó dé Ìlọrin, ìṣó kan nínú ọkọ̀ náà ti fa ṣòkòtò rẹ̀ ya nídìí. Nígbà tí wọ́n fi dé Sókótó, ó ti ya dé orúnkún.

Ó rí bàbá ará Ọ̀fà kan tó ń tún aago ṣe lẹ́nu ọjà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ọkùnrin kan. Ó gùn, ó dúdú, àpò rẹ̀ jìn."

Bàbá wo ọjà lọ, ó wò ó bọ̀. "Ọmọ mi, èwo nínú wọn?"

Àkàngbé bá fi ojú ara rẹ̀ mú èyí tó wù ú, géńdé kan tó ń ta báàgì aláwọ. Ó dì í mú lọ́rùn aṣọ. "Ìwọ ni Sẹ̀gilọlá ń fẹ́!"

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó wo ojú Àkàngbé, ó rí omijé. Ó wo ìdí rẹ̀, ó rí ihò. Àánú ṣe é. Ó bu wàrà fún un mu, ó sì fún un ní aṣọ kan kó ró mọ́dìí.

Àkàngbé mu wàrà tán, ó bú sẹ́kún. "Ẹ ò rí i! Ó tún láàánú! Ta ni kò ní fẹ́ ẹ?"

Ó padà sí Ìkirè. Bó ṣe ró aṣọ náà wọlé, Sẹ̀gilọlá figbe ta. "Níbo lo ti lọ? Pákó dà?"

"Ará Sókótó rẹ dà? Ẹni gíga, dúdú, tí àpò rẹ̀ jìn!"

Sẹ̀gilọlá kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó wọ yàrá, ó gbé ṣòkòtò etù tuntun kan jáde. Ó gùn, ó dúdú, ó ń dán.

"Sòkòtò rẹ ti di kìkì àlẹ̀mọ́. Mo ní kí n dá ọ ní kan ká tó ṣọdún Iléyá. Ó yá, wọ̀ ọ́, ti ọwọ́ bọ àpò, kí o wá ọkùnrin náà dáadáa."

Àkàngbé wọ̀ ọ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò dé ìgúnpá; kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ tún yí padà.

"Sẹ̀gilọlá, ta ló rán an? Ṣé ọkùnrin ni?"

Rábíátù tó ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri ló kọ́kọ́ kígbe, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Àkàngbé, wábi jókòó! Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà!"