Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ Ínjíníà Tìrìmísíyù

Ẹ dákun, bí ẹ bá fẹ́ kí Tìrìmísíyù, ẹ má ṣe kí i ní Tìrìmísíyù lásán. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, bó ṣe wà lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Agric, ni Ínjíníà Dókítà Àlàájì Tìrìmísíyù, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà Gbogbo Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Kò fẹsẹ̀ kan yunifásítì rí. Kò wo aláìsàn rí. Mẹ́kà tó ń wí, inú kàlẹ́ńdà ló ti rí i. Ti Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Pátákó kejì ló gbé ti ògiri ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀ tó ń ta páànù níbẹ̀. Ìyẹn ló ń pè ní ẹ̀ka.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, méjì ló ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2008 tí à ń wí yìí, Wíńdòósì ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi ń darí kọ̀ǹpútà tiwọn, Línúùsì ni ti Tìrìmísíyù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi sídíì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Ó fi bíléèdì ha ọ̀rọ̀ yẹn kúrò dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Ohun tó fẹ́ràn jù nínú Línúùsì ni ojú dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ojú ìwé kan báyìí ni, dúdú kirikiri, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni èèyàn ń tẹ̀ sí i, ẹ̀rọ á sì ṣe ohun téèyàn wí. Kò le rárá. Ẹ tẹ ls, ẹ̀rọ á to orúkọ àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ mv, kí ẹ fi orúkọ àtijọ́ àti orúkọ tuntun tẹ̀lé e, ìwé ti yí orúkọ padà nìyẹn. Èyí tó bá sì rú yín lójú, ẹ kọ man síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á ṣàlàyé rẹ̀ fún yín láìgba kọ́bọ̀. Tìrìmísíyù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ó ní ẹni tí kò bá gba àṣẹ lọ́dọ̀ òun tó tẹ ojú dúdú, iná á jáde lára ẹ̀rọ.

Bí oníbàárà bá wọlé, á tẹ find, á fi ìlà kan tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e, orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lójú wọn.

"Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń sá?" á wí, á máa fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti gbóòórùn mi."

"Háà! Gbogbo èyí, Ọ̀gá?"

"Ẹ má wò wọ́n tààrà o. Ojú ni wọ́n ń gbà wọlé."

Oníbàárà á sanwó, á dúpẹ́, á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Baba Ojú Dúdú, Apafáírọ́ọ̀sì-láìmú-ọ̀bẹ-dání. Òun ló kọ́kọ́ fi orúkọ náà pe ara rẹ̀.

Nínú àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ sí ojú dúdú, mọ́kànlá péré ló mọ̀. Inú ìwé pélébé kan tó máa ń wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló kọ wọ́n sí. Bí kò bá fẹ́ yọ ìwé náà lójú èèyàn, bọ́tìnnì tó ní ọfà tó kọjú sókè ló máa ń tẹ̀. Ojú dúdú kì í gbàgbé nǹkan, ṣé ẹ rí i. Ẹ tẹ ọfà yẹn lẹ́ẹ̀kan, á dá àṣẹ tí ẹ lò kẹ́yìn padà. Ẹ tún un tẹ̀, á dá èyí tó ṣáájú ìyẹn padà. Báyìí ni Tìrìmísíyù ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí tí yóò fi kan èyí tó ń wá. Ọ̀lẹ ni, àmọ́ ọ̀lẹ tó mọ ọ̀nà ni.

Rùkáyàt, tíṣà kan láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ létí ọ̀sà, máa ń wá lo kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ìwé Bàbá Adéòjó ló ń tẹ̀. Bàbá yìí ni apẹja tó dàgbà jù ní Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo ibi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí láti èbúté Ìpakodò títí dé Ẹ̀pẹ́, ó mọ ibi tí ọkọ̀ ti rì àti ẹni tó bá a lọ, ó mọ ìdílé tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí etí omi kọ̀ọ̀kan. Bàbá á sọ ọ́, Rùkáyàt á gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ní, á lọ tẹ̀ ẹ́, á sì tún gba ọ̀rọ̀ tuntun sórí ti àtijọ́. Wọ́n ṣe é fún ọdún kan àtààbọ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá. Ẹnu rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, apá òsì nìkan ló lè gbé. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà Tìrìmísíyù yẹn nìkan ló kù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Rùkáyàt ti bẹ̀bẹ̀ títí pé kí òun ṣe ẹ̀dà ìwé náà sórí fúláàṣì.

"Fúláàṣì kẹ̀?" ni Tìrìmísíyù wí. "Inú ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ń sùn!"

Ará Ìbẹ̀ṣẹ̀ wá dá ọjọ́ tí wọn yóò ka ìwé náà sétí Bàbá ní gbọ̀ngàn ìlú, nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n kọ ìwé ìkésíni, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Rùkáyàt nínú rẹ̀. Tìrìmísíyù yẹ ìwé ìkésíni yìí wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, kò rí orúkọ ara rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ta ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́?" ó bi ògiri. "Ṣé ti bàbá wọn ni?"

Ó dùn ún gan-an. Kò lè jẹun ọ̀sán. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ronú jinlẹ̀: ìwé yìí gbọ́dọ̀ sọnù, òun ló gbọ́dọ̀ wá a rí, gbogbo ìlú sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n á fi í joyè. Wọ́n á fún un nílẹ̀ létí ọ̀sà.

Ó jókòó, ó ṣí ojú dúdú. Ó kọ́kọ́ fi tẹ lẹ́tà sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ìwé wọn. Ó tún tẹ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí yóò kà lọ́jọ́ tó bá joyè, ó sì gbádùn ìyẹn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó ṣe èyí tán ló tó rántí pé ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, kò tíì sọnù. Ló bá tẹ mv, ó sì fi àmì ìdánudúró kan ṣíwájú orúkọ ìwé Bàbá. Nínú Línúùsì, ìwé tí àmì ìdánudúró bá ṣíwájú orúkọ rẹ̀ ti fara pamọ́ nìyẹn. Kò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ls -a ni kí òun tẹ̀ dípò ls á rí i kedere. Àmọ́ ta ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Agric?

Rùkáyàt wá ní Sátidé, ó wá ìwé náà tì, ó sì bú sẹ́kún, Tìrìmísíyù sì fi lẹ́tà náà rán an sílé. Lọ́jọ́ kejì, Alága Ọláṣẹ́gun, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè Ìbẹ̀ṣẹ̀, wọkọ̀ ojú omi wá sí Ìpakodò, ó sì wá bá Tìrìmísíyù ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Rùkáyàt.

"Ínjíníà, ẹ ṣàánú wa," ni Alága wí. "Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè rí i fún wa?"

"Òkú lẹ ní kí n jí yẹn, Alága. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ máa fi mí joyè."

"Oyè wo?"

"Ààrẹ Amòye Ìbẹ̀ṣẹ̀. Mo ti bá yín ronú orúkọ ẹ̀. Àti ilẹ̀ kan létí ọ̀sà. Kó má jẹ́ ibi tí omi ń wọ̀ o."

Bàbá Adéòjó ni Alága ń rò. Ó ní àwọn gbà.

"Gbangba ni mo sì fẹ́ ṣe é," ni Tìrìmísíyù wí, orí rẹ̀ ti ń wú. "Ẹ bá mi yá ẹ̀rọ tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà sára ògiri, kí tọmọdé tàgbà rí ohun tí mo bá tẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í purọ́!"

"Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, Ọ̀gá," ni Rùkáyàt wí.

"Ìwọ dúró tì wọ́n. Gbogbo ohun tó bá jáde lára ògiri, máa kà á sókè sí wọn létí, máa túmọ̀ ẹ̀. Má fo ìlà kan o. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ irú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn."

Lọ́jọ́ náà, Tìrìmísíyù wọ agbádá tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí lọ́rùn ní Ẹ̀pẹ́, ó sì gbé kọ̀ǹpútà náà dání. Nínú ọkọ̀ láti Ìpakodò, ó kọ̀, kò jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó ní Ààrẹ kì í rùn. Ṣòkòtò tuntun ló wà nídìí rẹ̀. Èyí tí ìwé pélébé wà nínú àpò rẹ̀ ń fì lára ìṣó ní Agric.

Gbọ̀ngàn kún. Bàbá Adéòjó wà lórí àga níwájú, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Rùkáyàt. Tìrìmísíyù wú ikọ́, ó tẹ find, ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Orúkọ ìwé ni, Bàbá," ni Rùkáyàt ń kà sókè. "Orúkọ ìwé. Orúkọ ìwé mìíràn."

"Fáírọ́ọ̀sì ni!" ni Tìrìmísíyù jágbe.

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo ń kà, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó tó àkókò láti jí òkú. Tìrìmísíyù kọwọ́ bọ àpò, kò bá nǹkan kan. Ó tú agbádá, ó tú bùbá, ó tún tú ṣòkòtò wò. Orúkọ wo gan-an ló ń ṣáájú lẹ́yìn mv? Ṣé èyí tó ní àmì ni àbí èyí tí kò ní? Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ló bá rántí ọfà rẹ̀ àtijọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Find," ni Rùkáyàt kà. Tìrìmísíyù tún un tẹ̀. "Find. Find. Find, Bàbá. Ó jọ pé ohun kan ṣoṣo tí Ọ̀gá máa ń ṣe nìyẹn."

Ó tún un tẹ̀. Rùkáyàt na ọrùn sí ògiri.

"Tíṣà, kí ló dé?" ni Alága bi í. "Kà á. Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ fo ìlà kankan."

"mv ló wà níbẹ̀, sà. Òun ni wọ́n fi ń yí orúkọ ìwé padà. Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ́ mi ní ìyẹn, torí ó máa ń sú wọn láti ṣe é." Ó nawọ́ sí ìlà náà. "Ìwé Bàbá Adéòjó ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà. Wọ́n fi àmì ìdánudúró ṣíwájú ẹ̀."

Tìrìmísíyù fẹ́ kí ìlà náà kúrò lára ògiri kíákíá. Ìka rẹ̀ kò mọ bọ́tìnnì mìíràn ju ọfà yẹn lọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Àṣẹ tí wọ́n fi ṣí ìwé tuntun nìyí, orúkọ ẹ̀ ni Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ọjọ́ oyè," ni Rùkáyàt kà.

Ó tún un tẹ̀.

"Òmíràn nìyí, orúkọ ẹ̀ ni Lẹ́tà fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ìwé yín."

"Ẹ dúró ná," ni Alága wí, ó sì dìde. "Ó ti kọ lẹ́tà pé ìwé sọnù kí ìwé tó sọnù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bó ṣe tẹ̀ wọ́n tẹ̀ léra ni ẹ̀rọ ṣe ń rántí wọn."

"Èmi kọ́!" ni Tìrìmísíyù ké. "Fáírọ́ọ̀sì ló tẹ̀ ẹ́!"

"Fáírọ́ọ̀sì tó mọ ọpẹ́ dá!" ni Agnes tó ń ta edé wí láti ẹ̀yìn. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Alága kò rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, lọ yọ ìwé Bàbá jáde fún wa."

Rùkáyàt jókòó síbi tí Tìrìmísíyù dìde. Ó tẹ ìlà kan péré, ìwé sì jáde. Kò tíì ka ohunkóhun nínú rẹ̀ tó fi fa fúláàṣì yọ nínú báàgì, ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kà á: "Èmi Adéòjó, ọmọ Ìbẹ̀ṣẹ̀, ohun tí omi fi hàn mí ni mo fẹ́ sọ." Bàbá di ọwọ́ àga mú. Omijé ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n funfun rẹ̀. Inú èèyàn dùn débi pé àwọn àgbàlagbà ń dì mọ́ra.

Tìrìmísíyù ti ń rọra fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Dúró níbẹ̀," ni Alága wí. "Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn ńkọ́? A ti kóra jọ, a fẹ́ gbọ́ ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò pọn dandan."

"Tíṣà, kà á fún Bàbá."

Rùkáyàt ṣí i. "Mo dúpẹ́, ẹ̀yin ará Ìbẹ̀ṣẹ̀, tí ẹ mọyì èmi tí mo gbà yín lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́ nínú bí ìwé yìí ṣe sọnù, ẹni ibi ni, aláìnítìjú ni. Bí ẹ bá rí i, ẹ má bá a jẹ, ẹ má bá a mu. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ ni kí ẹ fi í sí, kó má sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí mọ́ láéláé. Èmi Ààrẹ Amòye ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀."

Alága pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn," ni Alága wí. "A gbà á bó ṣe wà. Israel, ọkọ̀ wo ló kọ́kọ́ ń lọ?"

"Ti Agnes ni, sà," ni Israel tó ń tukọ̀ dáhùn. "Edé ló kún inú ẹ̀."

Wọ́n sìn ín dé etí omi pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín. Àárín apẹ̀rẹ̀ edé méjì ni wọ́n fi Baba Ojú Dúdú sí, agbádá Ẹ̀pẹ́ ń wọ́ nínú omi edé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń ṣí, ohùn kan ta jáde lẹ́yìn èrò, ohùn gbígbẹ tí Ìbẹ̀ṣẹ̀ kò gbọ́ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Gbogbo wọn yíjú padà. Bàbá Adéòjó ni wọ́n gbé jáde pẹ̀lú àga rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó na apá òsì tó ṣì lè gbé sókè, ó sì juwọ́ sí Ínjíníà pé ó dàbọ̀.